Otto Wichterle

Otto Wichterle (ọjọ́ 27 Oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1913 – ọjọ́ 18 Oṣù Ògún, ọdún 1998) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì àti olùhùmọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Tsẹkoslofákíà. Ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni awò rírọ̀ tí a ń fi sí orí ẹyinjú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọ́ńtáàtì lẹ́ńsì. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Drahoslav Lím, ni wọ́n ṣe irú háídrójẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n dìídì pèsè fún lílò nínú ara ènìyàn. Orí ìpìlẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn kọ́ iṣẹ́ sí, títí tó fi kan àwọn tó ń wá ọ̀nà àtitún ẹran-ara tó bàjẹ́ ṣe. Wichterle tún ni olórí àwọn tó ṣe fọ́nrán silon, fọ́nrán àtọwọ́dá àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí Wichterle ní ìlú Prostějov, ní agbègbè Moravia, nígbà tí agbègbè náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ọ́stríà-Húngárì. Ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ní ọjọ́ 28 Oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1918, ni wọ́n kéde ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Tsẹkoslofákíà. Bàbá rẹ̀, Karel, wà lára àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ oko, tó sì tún ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níwọ̀nba. Àárín irin àti ẹ̀rọ ni ọmọ náà dàgbà sí, ṣùgbọ́n nígbà tó tó àkókò láti yan ẹ̀kọ́, kẹ́místrì ló yàn.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Tsẹ́kì ní ìlú Prague, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1936. Ó dúró sí yunifásítì náà láti máa ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1939, ó gbé iṣẹ́ ìwádìí kejì kalẹ̀, èyí tí ì bá sọ ọ́ di olùkọ́ àgbà. Kí wọ́n tó parí ètò rẹ̀, àwọn ará Jámánì tó ti gba orílẹ̀-èdè náà ti gbogbo yunifásítì Tsẹ́kì pa ní Oṣù Bélú ọdún yẹn. Bí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dí nígbà àkọ́kọ́ nìyí, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Zlín àti fọ́nrán silon

Nígbà tí yunifásítì ti wà ní títì, Wichterle lọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ bàtà Baťa ní ìlú Zlín. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí pílásítíìkì ní tòótọ́. Ní ọdún 1941, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí ọ̀nà láti yọ́ pólímà kan, kí wọ́n sì fà á bí òwú títí yóò fi di fọ́nrán tín-ínrín tó lágbára. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe náílọ́ọ̀nù ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti Zlín yàtọ̀, fúnra wọn ni wọ́n sì rí i. Silon ni orúkọ tí wọ́n sọ fọ́nrán náà.

Ní ọdún 1942, Gestapo, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ ìjọba Násì, mú Wichterle, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Zlín títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí.

Ìpadàbọ̀ sí Prague

Lẹ́yìn ogun, Wichterle padà sí yunifásítì ní Prague. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́místrì, ó sì kọ ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀. Ó rí i pé pílásítíìkì àti pólímà ti kúrò ní ohun tí ènìyàn lè fi ṣe àfikún ẹ̀kọ́ mìíràn, ó sì sa gbogbo ipá láti sọ ọ́ di ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ìmọ̀ Kẹ́míkà sílẹ̀ ní Prague ní ọdún 1952, ó di díìnì níbẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ háídrójẹ́ẹ̀lì

Ní ọdún 1952 kan náà, nínú ọkọ̀ ojú irin, Wichterle bá òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wà ní ẹ̀ka ìlera sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ń ka àpilẹ̀kọ kan nípa bí àwọn dókítà ṣe ń fi irin dípò ohun tó bàjẹ́ ní ojú aláìsàn. Wichterle sọ èrò tirẹ̀ fún un: ara ènìyàn kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran-ara. Ohun tí a óò bá fi sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ bíi tirẹ̀, kí ó ní omi nínú bíi tirẹ̀, kí omi àti àwọn èròjà tó yọ́ sínú omi sì lè kọjá nínú rẹ̀.

Èrò yìí ni Wichterle àti Drahoslav Lím gbé lọ sí yàrá ìwádìí. Pólímà tí Lím pèsè dá lórí kẹ́míkà kan tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HEMA. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó sì lè mu omi sára títí omi yóò fi tó ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ kì í yọ́, kì í sì í ya bọ̀rọ̀. Wọ́n gba ìwé-àṣẹ olùhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1953. Ní ọdún 1960, àwọn méjèèjì tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, nípa lílo irú jẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ara. Àwọn onímọ̀ háídrójẹ́ẹ̀lì ṣì ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ náà títí di òní.

Ẹ̀kọ tútù lè ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti mọ ohun tí háídrójẹ́ẹ̀lì jẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ, síbẹ̀ bí a bá tú ewé kúrò lára rẹ̀, kì í ṣàn lọ. Ó dúró bí a ṣe dì í. Ohun tó mú un dúró ni àwọn okùn sítáàṣì tó wọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n há omi mọ́ àárín. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi gbígbóná sí ẹ̀kọ tí a sì pò ó, yóò yọ́, nítorí pé àwọn okùn náà kàn wọ́ mọ́ra ni, kò sí ìdè tó lágbára láàárín wọn. Nínú háídrójẹ́ẹ̀lì Wichterle àti Lím, ìdè kẹ́míkà ni wọ́n fi so okùn kan mọ́ èkejì bí àwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó fẹ́ràn omi, tó ń fa omi wọlé. Omi a máa wọ inú àwọ̀n náà, àwọ̀n náà a sì wú, ṣùgbọ́n ìdè kò ní jẹ́ kí ó tú. Bí ìdè bá pọ̀, jẹ́ẹ̀lì yóò le, omi inú rẹ̀ yóò sì dínkù. Bí ìdè bá kéré, yóò rọ̀, omi rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, onímọ̀ kẹ́místrì lè pinnu ìwà jẹ́ẹ̀lì kí ó tó ṣe é.

Ẹ̀rọ orí tábìlì ilé ìdáná

Gíláàsì tàbí pílásítíìkì líle ni wọ́n fi ń ṣe awò ẹyinjú ṣáájú àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì lè fara dà á. Jẹ́ẹ̀lì tuntun náà rọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro wà nínú sísọ ọ́ di awò. Ní ọdún 1957, wọ́n fi ẹ̀dà tó ní ìdérí ṣe bí ọgọ́rùn-ún awò, ṣùgbọ́n etí wọn ń ya nígbà tí wọ́n bá ń yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀dà náà.

Ìṣòro mìíràn tún dé. Ní ọdún 1958, àwọn aláṣẹ Ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ìmọ̀ Kẹ́míkà lé àwọn kan kúrò nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, Wichterle sì wà lára wọn. Àpérò àgbáyé lórí pólímà tó wáyé ní Prague ní ọdún tó ṣáájú ti jẹ́ kí ìjọba rí i pé orílẹ̀-èdè náà nílò ibùdó ìwádìí tirẹ̀. Nítorí náà, Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì Tsẹkoslofákíà dá Ibùdó Kẹ́místrì Mólékù Ńlá sílẹ̀, wọ́n sì fi Wichterle ṣe olùdarí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ilé ibùdó náà tán. Olùdarí wà, yàrá ìwádìí kò sí.

Wichterle gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ara rẹ̀. Èrò tuntun tó ní rọrùn láti ṣàlàyé. Bí omi bá wà nínú àwo tí a sì ń yí àwo náà lójú kan, omi yóò gun ẹ̀gbẹ́ àwo, àárín rẹ̀ yóò sì jìn. Bí àwo bá ṣe ń yí kíákíá tó ni àárín náà yóò ṣe jìn tó. Bí ohun tó wà nínú àwo bá jẹ́ kẹ́míkà tó ń di jẹ́ẹ̀lì bó ṣe ń yí, yóò gan sí ìrísí yẹn. Inú ẹ̀dà ni yóò fún awò náà ní ìrísí iwájú, yíyí ni yóò sì fún un ní ìrísí ẹ̀yìn. Nítorí pé kò sí ìdérí, etí awò yóò dán, kò sì ní ya.

Ó fi ohun ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Merkur, èyí tó ní irin wẹ́wẹ́ àti ìdè, kan ẹ̀rọ náà pọ̀. Dáínámò kẹ̀kẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń yí i, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lò fún agogo ẹnu ọ̀nà ló sì ń fún un ní iná. Ní ọ̀sán ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1961, lórí tábìlì ilé ìdáná wọn, òun àti ìyàwó rẹ̀, Linda, ṣe awò mẹ́rin àkọ́kọ́ tó dára. Ó fi wọ́n sí ojú ara rẹ̀. Agbára wọn kò bá ojú rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n wọn kò dùn ún rárá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti kọ ìwé láti gba àṣẹ olùhùmọ̀. Ó kan ẹ̀rọ mìíràn tó tóbi sí i, ó sì yọ mọ́tò giramafóònù rẹ̀ láti máa yí i. Ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún 1962, tọkọtaya náà ṣe awò tó tó 5,500.

Títa ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ náà

Lábẹ́ òfin ìgbà náà ní Tsẹkoslofákíà, ìjọba àti Akadẹ́mì ló ni ẹ̀tọ́ lórí ohun tí onímọ̀ bá hùmọ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n ta àṣẹ láti lo ìhùmọ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ National Patent Development Corporation ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ yìí tún fún ilé-iṣẹ́ Bausch & Lomb ní àṣẹ láti máa ṣe awò náà. Ní ọdún 1971, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Láti ìgbà náà ni awò rírọ̀ ti tàn káàkiri ayé, tí ó sì di òwò ńlá. Owó tó dé ọwọ́ Wichterle kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn mìíràn rí jẹ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kàn nínú ilé sì ni orísun gbogbo rẹ̀.

Ìṣèlú àti ìdádúró iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1968, nígbà tí ìjọba Tsẹkoslofákíà fẹ́ dẹ ìdè lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, Wichterle wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìkéde tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ̀rún Méjì Ọ̀rọ̀, èyí tó béèrè fún àtúnṣe ìjọba. Ní Oṣù Ògún ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́tì àti àwọn alájọṣe wọn ya wọ orílẹ̀-èdè náà, àtúnṣe sì dópin. Ní ọdún 1970, wọ́n yọ Wichterle kúrò ní ipò olùdarí ibùdó tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, wọ́n sì fi ààlà sí ìwádìí tó lè ṣe. Bí ó ṣe wà nìyẹn fún bí ogún ọdún, nígbà tí awò tó hùmọ̀ ń wọ ojú àìmọye ènìyàn.

Ìjọba Kọ́múnísìtì ṣubú ní ìparí ọdún 1989. Ní ọdún 1990, wọ́n fi Wichterle, tó ti lé ní ọdún 76, jẹ ààrẹ Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì Tsẹkoslofákíà. Ó wà ní ipò náà títí orílẹ̀-èdè náà fi pín sí méjì ní ìparí ọdún 1992. Lẹ́yìn náà, Akadẹ́mì Tsẹ́kì tuntun fi í ṣe ààrẹ ọlọ́lá.

Ikú rẹ̀ àti ìdánilọ́lá

Wichterle kú ní ọjọ́ 18 Oṣù Ògún, ọdún 1998, ní Stražisko ní Moravia, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 84. Ìwé-àṣẹ olùhùmọ̀ tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀ tó bí 180, àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sì lé ní 200. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ plánẹ́tì kékeré kan, 3899 Wichterle. Akadẹ́mì Tsẹ́kì ń fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní ẹ̀bùn kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2007, Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé ọlá àwọn olùhùmọ̀ rẹ̀.

Yíyí kẹ́místrì háídrójẹ́ẹ̀lì padà láti tún ẹran-ara ṣe

Jẹ́ẹ̀lì HEMA ní ìwà kan tó jẹ́ àǹfààní fún ojú ṣùgbọ́n tó di ìdíwọ́ níbòmíràn: sẹ́ẹ̀lì ara kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1978, Judah Folkman àti Anne Moscona ní Amẹ́ríkà fi pólímà náà kun inú àwo ìwádìí, ní ìpele tó nípọn ju ara wọn lọ. Bí ìpele náà bá ṣe nípọn tó ni sẹ́ẹ̀lì kì yóò ṣe fẹ́ tẹ́ ara rẹ̀ sórí rẹ̀ tó. Sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ká jọ kì í dàgbà dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ ni pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá dúró lé ń pàṣẹ fún un.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ìmọ̀ títún ẹran-ara ṣe, èyí tí Robert Langer àti Joseph Vacanti ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 1993. Nínú ìmọ̀ yìí, wọ́n máa ń fi sẹ́ẹ̀lì sínú ohun kan tí yóò gbà á dúró, bí àgbẹ̀ ṣe ń ri ọ̀pá sẹ́bàá ebè kí iṣu lè fà mọ́ ọn, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi di ẹran-ara tó lè dá dúró. Háídrójẹ́ẹ̀lì yẹ fún iṣẹ́ yìí nítorí omi inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti yí padà ní ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ rí ibi dì mú. Ní ọdún 1984, Michael Pierschbacher àti Erkki Ruoslahti fi hàn pé èròjà amínò mẹ́ta péré tó tẹ̀lé ara wọn nínú purotéènì kan ni sẹ́ẹ̀lì ń dì mú. RGD ni ìkékúrú orúkọ wọn. Bí a bá so wọ́n mọ́ okùn jẹ́ẹ̀lì, jẹ́ẹ̀lì tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ̀ yóò di èyí tó ń gbà á.

Èkejì ni pé jẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò kúrò nílẹ̀. Awò ojú kò gbọ́dọ̀ yọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fi gbà sẹ́ẹ̀lì dúró gbọ́dọ̀ yàgò bí ẹran-ara tuntun bá ti ń dé. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ìdè tí omi lè gé díẹ̀díẹ̀, tàbí èyí tí ẹ́ńsáìmù sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè gé, rọ́pò ìdè tí kì í tú.

Ẹ̀kẹta ni líle àti rírọ̀. Ọpọlọ rọ̀, kèrékèré le, sẹ́ẹ̀lì sì ń mọ ìyàtọ̀ náà. Ìlànà iye ìdè tí a sọ ṣáájú ni wọ́n ń lò: wọ́n ń fi í mú jẹ́ẹ̀lì bá ibi tó ń lọ mu.

Ọ̀kan nínú àwọn jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lò jù báyìí ni èyí tí wọ́n fi jẹ́látìnì ṣe. Sẹ́ẹ̀lì mọ jẹ́látìnì, nítorí pé láti ara awọ àti egungun ẹran ló ti wá. Ṣùgbọ́n jẹ́látìnì nìkan yóò yọ́ nínú ooru ara. Apá kẹ́míkà tí wọ́n so mọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ lè dì í pọ̀, jẹ́ irú èyí tó wà lára HEMA ní Prague ní ọdún 1953.

Ìbáṣepọ̀ ìmọ̀ yìí pẹ̀lú Ìkẹjà àti Agége

Ní àkókò tí Wichterle ń ṣe ìwádìí rẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń dá ọgbà ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, nígbà tí agbègbè náà kò tíì di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ibẹ̀ dé ọ̀nà Agége, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe ló jẹ́ pólímà: ọ̀dà, aṣọ, pílásítíìkì àti rọ́bà. Ilé-iṣẹ́ Dunlop ṣe táyà ní òpópónà Ọba Akran láti àwọn ọdún 1960 títí di ọdún 2008. Nínú ṣíṣe táyà, imí-ọjọ́ ni wọ́n fi ń so okùn rọ́bà mọ́ra kí ó má baà yọ́ nínú ooru. Ìlànà kan náà ló ń gbé táyà àti háídrójẹ́ẹ̀lì dúró: okùn gígùn tí a fi ìdè so mọ́ra. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé okùn rọ́bà kórìíra omi, okùn háídrójẹ́ẹ̀lì sì fẹ́ràn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóye bí wọ́n ṣe ń ṣe táyà ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà ìmọ̀ tí Wichterle là.

Iṣẹ́ Wichterle tún kan ìlera àwọn ará agbègbè yìí. Awò rírọ̀ aláràbarà wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń rà fún ẹwà. Ìwà tó mú kí awò náà rọrùn fún ojú, ìyẹn omi tó ń mu sára, ni ó tún lè mú ewu wá, nítorí pé awò náà lè gbé ohun tó wà nínú omi mọ́ ẹyinjú. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé nínú omi ẹ̀rọ, omi kànga àti omi bọ́họ̀ lè ba ojú jẹ́ bí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀, tàbí itọ́ ẹnu, fọ awò. Dídè ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ọ́síjìn, nítorí náà, sísùn pẹ̀lú awò tí wọn kò ṣe fún oorun lè pa á lára. Omi ìfọwò tí wọ́n pèsè fún un nìkan ló yẹ kí a lò, ó sì yẹ kí oníṣègùn ojú yẹ ojú wò kí ẹnikẹ́ni tó fi awò sí i, ì báà jẹ́ fún ríríran tàbí fún ẹwà.